Ìgò Mẹ́sàn-án Ọ̀gá Obiora

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Onitsha

Ojú tì mí lónìí, síbẹ̀ inú mi dùn.

Epo ẹ́ńjìnnì tuntun tí à ń dán wò nínú ẹ́ńjìnnì onígáàsì ilé-iṣẹ́ yìnyín ní Woliwo, èmi ni mo kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ti bàjẹ́, pé ìdọ̀tí ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ dà á nù.

Nígbà tí mo tún lọ bù ú láàárọ̀, Ọ̀gá Obiora tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì náà bi mí bóyá ó ti tutù kí n tó bu ti ìjọ́sí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò fẹ́ kí ó jó mi lọ́wọ́.

"Madam, na bottom dirt you carry go so." Tí epo bá ti tutù, ìdọ̀tí rẹ̀ máa ń lọ sísàlẹ̀; òun ni mo bù.

Ó mú mi lọ sídìí fèrèsé. Ìgò epo mẹ́sàn-án ló tò síbẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló bu gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kò rán an.

Mo kó wọn lọ sí láàbù. Epo náà kò ní àbùkù kankan.

Mo pè é láti dúpẹ́, mo sì bi í ìdí tó fi ń kó wọn pa mọ́. Ó ní ẹni tó po epo náà kò sí nítòsí, ó yẹ kí ẹnìkan máa bá a ṣọ́ ọ.

Èmi ni mo pò ó. N kò lè sọ fún un.