Bàbá, Orí Ilẹ̀ Onílẹ̀ Ni Ilé Mi Wà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Láti Calgary níbí ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí yín. Ẹ bá mi kí Màámi, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ránṣẹ́ la ṣì ń sè. Mo kí Bísí àbúrò mi, mo kí Bàbá Kékeré àti gbogbo ará ilé. Àlàáfíà la wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ti dé, òtútù sì ń ta ènìyàn létí bí ẹni pé ó ní ìjà pẹ̀lú wa.

Ẹ má bínú pé mi ò kọ èyí sí ẹ̀yin nìkan, pé gbangba ni mo gbé e sí kí gbogbo ará ìlú wa lè kà á. Nígbà tí mo ra fúláàtì mi, ẹ dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní àkọ́bí yín ti nílé sí Canada, gbogbo ìjọ sì bá yín jó. Àwọn ará ìlú wa tó wà níbí gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Láńlọ́ọ̀dù. Mo sì ń jẹ́ wọn lóhùn, mo tún ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ojú gbogbo ayé ni mo ti gba orúkọ tí kì í ṣe tèmi, ojú gbogbo ayé náà ló yẹ kí n ti dá a padà.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ rèé. Mo ra fúláàtì, ṣùgbọ́n mi ò ra ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé alájà mẹ́rin ni, kò jìnnà sí àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Abbeydale. Ìdílé òyìnbó kan ló ni ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi yá àwọn tó kọ́lé sí i fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Bí ọdún bá pé, ilé di ti onílẹ̀. Lọ́yà sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, mo kàn mi orí. Lọ́kàn mi, mo ní ṣebí ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún kan náà ni ìjọba kọ sínú ìwé ilẹ̀ tiwa nílé, ta ló ń kà á? Mi ò bi í léèrè pé mélòó ló ti lọ nínú rẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, Bàbá. Àwọn ẹlòmíràn ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún yẹn kí n tó dé. Ìdí tó fi rọ̀ lọ́jà nìyẹn, èmi sì ń yangàn kiri pé mo mọ ọjà rà.

Ọdún yìí ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ṣadé ìyàwó mi ní ká ta fúláàtì, ká lọ ra ilé tó láyè díẹ̀ ní Cityscape, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wa pọ̀ sí. Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ rà á lọ sí báńkì, báńkì ní àwọn kì í yá ènìyàn lówó lórí ilé tí ọdún rẹ̀ ti ń tán lọ. Ti ẹni kejì náà já sí pàbó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí onílẹ̀ fi ọdún kún ọdún. Bí wọn ò bá fi kún un, mi ò rí i tà, mi ò sì rí i fi sílẹ̀ fún ọmọ. Gbogbo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ló wà nínú ògiri yẹn. Mi ò lọ sí ìpàdé àwọn ará ìlú wa mọ́, nítorí mi ò mọ ojú tí n ó fi wò wọ́n. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ojú fèrèsé ni mo ń jókòó sí, tí mo ń wo yìnyín.

Kí ni mo wá ṣe? Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún wa nílé ni mo ṣe. Mo ra iṣu ńláńlá ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gánà, mo fi kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tì í, mo wọ agbádá sábẹ́ ẹ̀wù òtútù. Fèyí ọmọ mi wà ní ìsinmi, mo mú un dání, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì àwọn onílẹ̀ ní Sunridge. Ṣadé ti ní kí n fi ìméèlì ránṣẹ́ bí àwọn tá a jọ ń gbélé ti ṣe. Mo dá a lóhùn pé a kì í fi ìméèlì bẹ onílẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan ló jáde sí wa, ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀ gan-an. Bí mo ti rí i, mo gbé iṣu kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ó figbe ta. Ó rò pé àìsàn ló gbé mi ṣubú, ó ní kí wọ́n pe ọkọ̀ ọsibítù. Èmi nọ́ọ̀sì! Fèyí fi ọwọ́ bojú, ó fi òyìnbó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi tán, obìnrin náà dúpẹ́, ó ní àmọ́ òun ò lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú àwọn, kó má lọ dà bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀, Bàbá! Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Ó bá mi kó iṣu padà sínú àpò. Lẹ́yìn náà ó fa àga fún mi, ó fa òmíràn fún Fèyí, ó bu omi fún wa, ó ní ìdílé àwọn yóò jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ gbogbo ilé náà, pé òun ò lè ṣèlérí kankan.

Nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú iṣu láàárín ẹsẹ̀ mi, Fèyí bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo ní Bàbá Ìdòwú ni, bàbá àlejò tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ wa lọ́nà odò láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Bí iṣu tuntun bá ti jáde, yóò gbé ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ wá, iṣu àti epo, yóò dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. A óò gba iṣu, a óò sì jẹun wa tán kí á tó dá a lóhùn, òun yóò wà lórí ìdúró nínú oòrùn. Àwa ọmọ a máa sín ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ jẹ. A tún máa ń pa á lówe fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọmọ onílẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì á tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Ojú tì mí nínú bọ́ọ̀sì yẹn ju bó ti tì mí ní ọ́fíìsì lọ.

Ẹ pè mí lóṣù tó kọjá pé Bàbá Ìdòwú ti kú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀ láti máa bá oko náà lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ náà, pé ohun tí èmi àkọ́bí bá wí lẹ ó ṣe. Mo pa fóònù, ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Èsì mi rèé, Bàbá, mo sì fi ìdọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Ẹ má tà á. Ẹ fún wọn ní ọdún gígùn lórí oko náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọkàn wọn balẹ̀. Bí ẹbí bá kọ̀, ẹ fi ìpín tèmi ṣe é.

Àwọn onílẹ̀ tèmi ò tíì fún wa lésì. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Obìnrin yẹn ò gba iṣu mi, ṣùgbọ́n ó fún mi ní àga. Àwa gba iṣu Bàbá Ìdòwú títí ó fi kú, mi ò sì rántí ọjọ́ kan tí a ní kó jókòó. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá wá gbọ́ èsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àga fún wọn.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀yin àti Màámi sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ṣadé àti Fèyí kí yín. Ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó bá yín jó, ẹ ní kí wọ́n má bínú.

Èmi ni ọmọ yín, tí kì í ṣe láńlọ́ọ̀dù,
Táyọ̀