Ọgbọ̀n Àga Péré

Ọjọ́ Ajé, 3 Nọ́fẹ́ńbà 2025
Màámi pè láti Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní àwọn òbí Ṣẹ̀san ti wá dá ọjọ́ ìdáná wa — 27 Dìsẹ́ńbà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ìrẹsì lórí iná. Ẹ̀gbọ́n Tàíbátù, tó ń sùn ní bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ mi, ní ìyàwó tuntun ti fẹ́ dáná sun Al Nahda, àdúgbò wa ní Sharjah. Alága ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí, torí àwọn ló ń ṣàkóso yàrá.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ṣẹ̀san wá láti ọjà Naif ní Dubai, níbi tó ti ń ra fóònù fún àwọn oníṣòwò Èkó. Kò dárúkọ ìdáná rárá. Baba Gòkè nìkan — orúkọ tí mo fún ọkùnrin inú fídíò tí Ṣẹ̀san máa ń wò lórí fóònù, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ kò ju "gòkè, gòkè" lọ. Ó ń bọ̀ wá ṣèpàdé ní Dubai. Ọgbọ̀n àga péré, fún àwọn àyànfẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dirham fún àga kan.

Mo bi í pé kí ni ọkùnrin náà ń tà gan-an. Ó ní irú ìbéèrè yẹn ni kì í jẹ́ kí tálákà gòkè. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 12
Ṣẹ̀san ti sanwó àga. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ fi lọ sílé ṣèdáná ni. Ó ní yóò di ìlọ́po méjì kí Dìsẹ́ńbà tó dé. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì láti Sharjah títí dé ibi iṣẹ́. Obìnrin Filipino kan fún mi ní tíṣù.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
N kò pè é. Òun náà kò pè.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mo pè é. Mo fẹ́ràn ẹ̀, kí ni kí n ṣe? Ó ń kánjú. Kò sọ ọjọ́ ìpàdé, kò sọ ibi tí yóò ti wáyé — àṣírí àwọn àyànfẹ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Alága bá mi rí iṣẹ́ kékeré fún ọ̀la. Kí n wọ aṣọ gidi, kí n lọ jókòó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan kí gbọ̀ngàn lè kún. Àádọ́ta dirham pẹ̀lú oúnjẹ. Wọn kò mọ ẹni tó ni ìpàdé. Èmi náà kò béèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti hòtẹ́ẹ̀lì ni.

Baba Gòkè ló ni ìpàdé. Ọgbọ̀n àga ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n méjìdínlógún nínú wa ni wọ́n háyà — àwa tí à ń fọ ilẹ̀, àwọn gáàdì, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, nínú kóòtù àyálò. Àyànfẹ́! Ṣẹ̀san jókòó níwájú. Mo wà lẹ́yìn pátápátá. Mo fẹ́ lọ fà á jáde, ìtìjú kò jẹ́.

Kó tó di oúnjẹ ọ̀sán, Baba Gòkè ní kí kálukú pe ẹni tó ń fà á sẹ́yìn, kí ó sì dágbére fún un lójú gbogbo èèyàn. Ṣẹ̀san mú fóònù. Mo rò pé ọ̀gá ẹ̀ ní Èkó ni, ọkùnrin tó máa ń bú u bí ẹni ń bú ẹrú. Fóònù tèmi ló gbọ̀n nínú báàgì.

Mo gbé e sétí. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ níhìn-ín, mo gbọ́ ọ lọ́hùn-ún.

"Dúpẹ́, no vex. Ìwọ lo ń fà mí sẹ́yìn. Mo ti já ẹ sílẹ̀ lónìí. Khalas, ó parí."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin tó kó wa wá ń wò mí. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23
N kò lè jẹun. Alága jókòó tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 24
Ṣẹ̀san pè láàárọ̀, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀kọ́ lásán ni, wọ́n ní kí kálukú ṣáà pe ẹnì kan, ìdáná ṣì dúró. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Mo sọ fún un pé mo wà níbẹ̀, ní ìlà ìkẹyìn, pé wọ́n háyà wa ni.

Ó fa imú. Mo rò pé ó ń sunkún. Ó wá ní, "Ẹ̀yin mélòó ni wọ́n háyà?"

Mo pa fóònù. Mo pe Màámi, mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn òbí ẹ̀ pé kò sí ìdáná mọ́. Wọ́n ní ṣé ó nà mí ni. Mo ní rárá, ó kàn pè mí ni.