Èmi Ni Mo Ń Lọ Mu Omi Tí Ọmọ-ọmọ Mi Kọ̀

Mò ń tan ọmọ-ọmọ mi jẹ, ẹ̀yin òǹkàwé, ó sì ti sú mi. Ìyá àgbà ni mí ní Pobẹ̀, ìwé tí mo kà kò ju èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ẹ má wo àṣìkọ mi. Ọwọ́ mi ni ọmọ yìí dàgbà sí. Ó kàwé ní Sakété, Faransé dá múṣémúṣé lẹ́nu rẹ̀, ìjọba tuntun yìí sì gbà á sí iṣẹ́ ọ̀gbìn... òun ló ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ Ìsàba pé kí wọ́n gé ọ̀pẹ àtijọ́, kí wọ́n gbin ti tuntun.

Iṣẹ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n. Ká bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni kò mọ̀. Yóò wọ oko olóko láìkí ẹnikẹ́ni, wọn á bu omi fún un, á ní òun kò mu, pé kòkòrò wà nínú ẹ̀, á sì máa nàka sí ọ̀pẹ tí wọn yóò gé. Ọ̀pẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn! Bàbá kan rí mi lọ́jà, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín wá o. Ó rí ọ̀pẹ mi, kò rí èmi." Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọmọ yìí ti ń halẹ̀ pé òun yóò lé e, torí àgbẹ̀ kankan ò gbà fún un. Ni mo bá lọ sí oko bàbá náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo gba omi, mo mu ún, mo bi í léèrè bí bàbá rẹ̀ ṣe rí, a sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ó gbà láti gé ọ̀pẹ náà. Láti ìgbà náà, ibi tí ọmọ yìí bá lọ ni mò ń tẹ̀lé e lọ lẹ́yìn... kò mọ̀. Ó rò pé àlàyé òun ló wọ̀ wọ́n létí.

Ọ̀gá rẹ̀ wá ní ó ṣe dáadáa. Wọ́n ń gbé e lọ sí apá àríwá lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn tí n kò gbọ́ èdè wọn. Mo ní kó máa jókòó, kó gbọ́ tẹni kó tó sọ tirẹ̀, kó tọrọ àforíjì bó bá ṣìṣe. Ó ní, "Ìyá àgbà, wọn ò bi wá léyìí nínú ìdánwò." Òótọ́ ni. Kí ló dé tí wọn ò fi bi wọ́n? Ta ni yóò kọ́ ọ nísinsìnyí tó ti di ọ̀gá? Ó ti pẹ́ jù, mo rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ́mọ nílé ìwé, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ fún un, bóyá kò ní lè gbójú sókè mọ́. Tí mo bá dákẹ́, á lọ tẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni kámíò, ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò gbé e, ń lọ. Ṣé kí èmi tí mo tọ́ ọ dójú tì í nílé, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún àwọn tí kò mọ ìyá rẹ̀?