Aṣọ Tí Erin Gbà Lọ́wọ́ Mi

                                        Ilé Ẹ̀ṣọ́ Igbó,
                                        Etí Òkun.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò pa ìwé tì nítorí eré? Mo mọ̀ pé ààrò búrẹ́dì wa ò fún ọ nísinmi láti ìgbà tí mo ti da iṣẹ́ ẹni méjì lé ọ lórí. O kú iṣẹ́, o kú ooru iná. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò tíì balẹ̀, òun ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé yìí sí ọ lọ́sàn-án gangan, tí mo sì kọjú sí fèrèsé.

Ibi tí àbúrò mi obìnrin ń gbé yìí lẹ́wà, n kò ní purọ́. Igbó sọ̀ kalẹ̀ títí kan iyanrìn òkun, gbogbo rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ẹyẹ funfun a bà sórí igi bí ẹni pé wọ́n sá aṣọ síbẹ̀. Alákàn a gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí àlejò tí kò fẹ́ kí onílé. Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Èmi, láti ìgbà tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ ni àyà mi ti ń já. Lọ́dọ̀ wa, bí nǹkan bá fẹ́ pa èèyàn, wàá rí i tí ó ń bọ̀ lójú títì, á tún fun fèrè. Níbí, ewé ló bo gbogbo nǹkan.

Ọkọ àbúrò mi, tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó, ló wá pàdé mi létí omi. Kó tó kí mi tán ló ti ń tú ẹrù mi bíi kọ́sítọ́ọ̀mù. Òfin wọn ni pé oúnjẹ kì í wọ yàrá tí èèyàn ń sùn, torí erin máa ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Gbogbo búrẹ́dì tí mo yan wá fún wọn ló kó lọ sínú àpótí onírin tó wà lẹ́yìn ọgbà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò rí ẹ̀ṣọ́ tó ń mú búrẹ́dì rí. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dá ọ̀kan padà.

Aṣọ ọmọ nìkan ni kò mú. O rántí aṣọ náà, èyí tí a fi ń bo ìyẹ̀fun pípò kó lè wú, tó ti rọ̀ múlọ́múlọ́, tí ìwọ fúnra rẹ bá mi ká etí rẹ̀ rán. A fọ̀ ọ́, a sá a, a jọ gbóòórùn rẹ̀, a ní ó mọ́ tónítóní. Òun ni mo fi ń di ọmọ àbúrò mi bó bá fẹ́ sùn. O mọ bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti ń wá ọmọ yìí, Jẹ́jẹ́. Iwájú rẹ náà ni àbúrò mi ti sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, oòrùn kò tíì wọ̀. Àbúrò mi lọ ká aṣọ lórí okùn, ọmọ ń sùn lórí ibùsùn kékeré lábẹ́ fèrèsé, èmi ń gbálẹ̀ yàrá. Ṣàdédé ni yàrá ṣókùnkùn. Mo rò pé òjò ló ṣú. Nígbà tí mo gbójú sókè, erin ló dí fèrèsé. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Mo rí erin, ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi kò là.

Ó na ọwọ́jà rẹ̀ wọlé, imú gígùn yẹn, ó ń gbóòórùn ọmọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ẹsẹ̀ dé orí. Lẹ́yìn náà ló di aṣọ mú, ó ń fà á. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ síbi fèrèsé. Mo fò mọ́ ọmọ, mo dì í mú. Mò ń fà, erin ń fà, ọmọ ń ké. Mo gbà lọ́kàn mi pé ó ti parí.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ àbúrò mi lẹ́yìn mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fà á mọ́. Ẹ tú aṣọ yẹn lára ọmọ. Aṣọ ló fẹ́, kì í ṣe ọmọ." O mọ bí mo ṣe ń di nǹkan, kókó tí a fi ń di àpò ìyẹ̀fun ni mo ta. Ọwọ́ tí mo fi ń gbé páànù gbígbóná, tí ẹ tìtorí rẹ̀ sọ mí lórúkọ, kò rí kókó náà tú. Eyín ni mo fi tú u, erin ń mí sí mi létí. Bí aṣọ ti tú, ó fà á jáde, ó kì í bọnu, ó sì yí padà sínú ewé. Àbúrò mi ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ tó ká lọ́wọ́, kò lè sunkún.

Ọkọ rẹ̀ bi mí níbi tí mo ti rí aṣọ náà. Mo sọ fún un. Ó gbóòórùn èjìká ọmọ, ó ní, "Òórùn búrẹ́dì ló wà lára ọmọ yìí, ẹ̀gbọ́n. Ó wà lára ẹ̀yin náà." Mo gbé apá mi símú, n kò gbọ́ òórùn kankan. Ìwọ náà kò lè gbọ́ ọ, Jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ tí iná ààrò ti gba òórùn yẹn kúrò nímú àwa méjèèjì.

Wọn kò bá mi jà, ìyẹn ló tún ń dùn mí jù. Mo fi ọṣẹ wẹ̀, mo fi omi òkun wẹ̀. Àbúrò mi a máa gbé imú sí ọrùn mi kó tó gbé ọmọ fún mi. Níjẹta, ó gbóòórùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ó ṣì kù." Ó bá gbé ọmọ rẹ̀ padà.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ yóò gbé mi. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí àwọn tó ń bá wa po ìyẹ̀fun, kí o sì kí alágbàfọ̀ ojúlé kejì, iṣẹ́ ń bọ̀ wá bá a. Àwọn ọmọ rẹ tí mo ṣèlérí pé n óò mú wá síbí, jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn pé òkun jìnnà.

Ohun kan ló kù tí n kò lè sọ fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí aṣọ yẹn ti lọ, ọmọ náà kì í sùn. Lánàá, nígbà tó ti rẹ ìyá rẹ̀ tẹnutẹnu, ó gbé e fún mi láìgbóòórùn mi. Ọmọ náà ti imú bọ ọrùn mi, ó ń wá òórùn náà kiri bí erin yẹn gan-an, títí ó fi rí i. Ló bá sùn lọ. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo gbójú lé fèrèsé, n kò jẹ́ mí kanlẹ̀ títí ó fi jí.

Èmi ni, ẹni rẹ bó ti wù kó rí,

Iná-Ò-Jó-Mi