Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Etí Í Rán

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun kánú? Àwa náà wà bí a ṣe wà, ẹsẹ̀ kan ń dun ìyá rẹ, èkejì ń bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n a dúpẹ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ẹni tó bá ní kí o má rí ọ̀nà lọ, òun ni yóò máa bèèrè ọ̀nà kiri. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síwájú ohunkóhun pé fóònù tó o rà sí pálọ̀ ò tíì dún, àti pé gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè lòun máa ń jókòó tì í. Mo ní mo ti gbọ́, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ẹ̀bùn ná.

Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó o lò tẹ́lẹ̀, tó o fi rán awakọ̀ sí wa, dé láyọ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní dígí lójú, ó sì ní ọ̀pá tín-ín-rín kan tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ ń ka ìwé tó o kọ mọ́ ọn, orí máṣíìnì ni mo wà, ariwo rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo gbọ́ ni pé o ní ẹ̀rọ yìí á máa rán etí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìwọ náà mọ̀ pé nínú gbogbo iṣẹ́ télọ̀, etí aṣọ ló ń fún mi ní wàhálà jù láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọmọ wa ò gbàgbé wa o, ó ti wá ẹ̀rọ tí yóò máa bá bàbá rẹ̀ rán etí.

Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, etí rẹ̀ nìkan ló kù. Mo fi etí aṣọ sí ẹnu ẹ̀rọ, kò gbé e. Mo yí i padà, mo fi sí ìdí rẹ̀, kò gbé e. Ìgbà náà ni mo rí ọ̀pá tín-ín-rín yẹn, mo ní ẹ wo èmi náà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ rèé. Àfi bó ṣe jẹ́ abẹ́rẹ́ tí ò lójú ni, ọmọ mi, wọ́n gbàgbé láti lu ojú sí i níbi tí wọ́n ti ṣe é. Mo gbé e lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe, ó wo abẹ́rẹ́, ó wo èmi, ó ní òun kì í lu ihò sí ohun tí òun ò mọ ìdí ẹ̀. Mo bá so òwú mọ́ ọn lọ́rùn bẹ́ẹ̀, mo fi ń tẹ dígí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, ni iná bá tàn nínú rẹ̀. Mo ní ó ti jí nìyẹn. Mo tẹ́ aṣọ nọ́ọ̀sì lé e lórí, mo lọ jẹun, torí òṣìṣẹ́ míì wà tí kì í fẹ́ kí wọ́n dúró ti òun lórí. Nígbà tí mo padà dé, etí aṣọ ò yí padà, nọ́ọ̀sì sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bó ṣe wọ̀ ọ́ lọ nìyẹn, tí òwú ń wọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ẹni tá a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ẹ̀rọ náà ṣàdédé ké píì-píì-píì. Ìyá rẹ gbá fóònù mú, ó gbé e sétí, ó ní hẹ́lò, hẹ́lò, kò sẹ́ni tó dáhùn. Èmi wo ojú ẹ̀rọ, mo rí i tó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé PE ILÉ. Mi ò ní ṣàìgbọràn sí ẹ̀bùn ọmọ mi. Mo bọ́ síta, mo kọjú sí ilé, mo fi gbogbo ohùn mi pè é, ilé o, ilé o. Ìyá rẹ yọjú lójú fèrèsé, ó bi mí pé ta ni mò ń pè, mo ní ilé ni, ó ní ṣé ilé ń dá mi lóhùn, mo ní kó dákẹ́ kí n lè gbọ́.

Sọ́ńdè kejì ó tún ké, mo tún jáde lọ pè é. Ni Tíṣà òdìkejì ọ̀nà, tó kọ́ ọ ní ABD, bá sáré jáde tòun ti ọṣẹ ìfárùngbọ̀n lágbọ̀n, ó ní ṣé ilé ń jó ni àbí a fẹ́ tà á. Mo fi ẹ̀rọ àti ìwé tó o kọ mọ́ ọn hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn wa. Ó ní ẹ̀rọ yìí kì í rán etí, á máa rán yín létí lo kọ, pé kó máa bá ẹni tó bá ní in rántí nǹkan ni. Ó ní PE ILÉ yẹn kì í ṣe tèmi, ìwọ lo kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà tó wà lọ́wọ́ rẹ, pé gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kó máa sọ fún ọ kó o pè wá lórí fóònù. Ó ní àpótí kékeré méjì tó wà lójú dígí lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi ọ̀pá yẹn tẹ̀, èyí ọwọ́ ọ̀tún ń sọ pé mo ti gbọ́, ti ọwọ́ òsì ń sọ pé ó di ìgbà mìíràn.

Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bi Tíṣà bóyá gbogbo Sọ́ńdè ni, Tíṣà ní gbogbo Sọ́ńdè. Ọmọ mi, ó yẹ kí o mọ̀ pé aṣọ tí mo rán fún fóònù ni ìyá rẹ ti ń dá lẹ́bi látìgbà yìí, ó ní ó nípọn jù, pé ọ̀fun ló ń fún un tí kò fi lè dún. Mo ti bá a yọ aṣọ inú rẹ̀, mo yọ apá rẹ̀, ìhòòhò ló wà báyìí, kò dún náà ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n wọlé, mo gbé ẹ̀rọ sínú ìmọ́lẹ̀, mo wo dígí rẹ̀ bí mo ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n gbé wá tún ṣe. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń dán bíi tuntun. Lọ́wọ́ òsì ó ti ṣá, ó ti họ, bí ìgúnpá ẹ̀wù akọ̀wé. Mi ò fi han ìyá rẹ. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ, síbẹ̀ inú mi dùn díẹ̀ pé o tiẹ̀ kọ wá síbẹ̀. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n ẹni tí kò pe ilé, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ilé ṣì wà?

Nítorí náà mo ti dá ẹ̀rọ rẹ padà, awakọ̀ kan náà ló ń gbé e bọ̀. Bẹ́líìtì máṣíìnì mi ti fẹ́ já, ìpara ẹsẹ̀ ìyá rẹ sì ti tán, bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá sí, ohùn rẹ á ṣe é ná. Má bínú pé ọ̀pá rẹ̀ ní òwú lọ́rùn, ó ti wọ inú rẹ̀ ni, kò ṣeé tú mọ́. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo sì ṣe sí ojú rẹ̀: mo gé aṣọ pélébé kan, mo fi lẹ ibi tó ti họ lọ́wọ́ òsì. Bó bá ti ké, ọ̀tún nìkan ló kù fún ọ láti tẹ̀.

Ilé ayé ò ní le mọ́ ọ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò bá ọ níbẹ̀. Bí a ṣe ń retí ohùn rẹ, ohùn ayọ̀ la ó máa gbọ́. Àpò tí mo fi gbé ẹ̀rọ náà bọ̀, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an, títí kan etí rẹ̀. Èmi ti rán etí tèmi, ó kù kí òun náà rán ọ létí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.