Káàdì Tí Ẹ Gbà Lórúkọ Ara Yín

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí ọmọ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí baba rẹ̀, pàápàá baba tí a kò tíì sin pé ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, irọ́ ni mo máa pa, irọ́ sì ti pọ̀ jù láàárín àwa méjèèjì.

Oògùn mi tán. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò fi rí òmíràn. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ oògùn tí mò ń sọ, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá mi gbà á. Lọ́dún tí màmá mi kú, tí mi ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tí mi ò wẹ̀, tí mi ò jẹun, ẹ lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ọpọlọ, ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀yin lara yín ò yá. Ẹ ka gbogbo ohun tó ń ṣe mí sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀yin ló ń ṣe. Wọ́n ya káàdì fún yín, wọ́n kọ oògùn, ẹ sì gbé e wá fún mi. Fún odindi ọdún mẹ́sàn-án, mi ò fi ẹsẹ̀ mi tẹ ọgbà ilé ìwòsàn yẹn rí.

Ẹ ní ọmọbìnrin tí kò tíì relé ọkọ kò gbọdọ̀ ní káàdì níbẹ̀. Ẹ ní bí ẹbí ọkọ bá ń ṣe ìwádìí, ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́. Lójú àwọn tí a jọ ń gbé ilé l'Ágége, oògùn ẹ̀jẹ̀ lẹ ń pè é. Ó dáa. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n báyìí, Bàbá. Ọkọ tí a tìtorí rẹ̀ fi nǹkan pamọ́ náà ò tíì yọjú.

Mi ò gbàgbé bí ẹ ṣe máa ń múra lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ gbà á. Ẹ ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ tánńganran, ẹ ó wọ kóòtù tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín, ẹ ó ní báńkì lẹ̀ ń lọ. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, tí oògùn di ohun tí à ń wá kiri, ẹ ṣì ń rí i. Ẹ lè dé ní ìrọ̀lẹ́ pátápátá, kí bàtà yín ti pọ́n fún eruku. Mi ò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí i. Kí ló dé tí mi ò béèrè?

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú yín lọ lójijì, oògùn oṣù méjì ló kù nílé. Nígbà tó tán, mo mú káàdì yín, mo gbọ̀nà ilé ìwòsàn lọ. Dókítà yín àtijọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ ní Saudi bí àwọn dókítà yòókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni mo bá ní ìdí tábìlì, tí kò lè ju mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, ẹ ní kí n bá yín gba oògùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, àwa la gbé yín lọ sin ní Èkìtì, èmi tún jókòó níbẹ̀ tí mò ń ròyìn ẹsẹ̀ yín. Ó kọ ọ́ fún mi. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún kọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó dé bírò rẹ̀.

"Màdámú, mi ò lè máa kọ oògùn fún ẹni tí mi ò rí. Ẹ mú Bàbá wá, kódà bí wọ́n máa gbé wọn wá."

Níbo ni kí n ti mú yín wá? Mo dúró síbẹ̀ bí òmùgọ̀, mo ní mo ti gbọ́, mo sì jáde.

Bàbá, kí n má purọ́ fún yín, ojú mi rí nǹkan. Mi ò mọ̀ pé bí oògùn yẹn bá dá dúró lójijì, ara á máa bínú bẹ́ẹ̀. Oorun lọ. Oúnjẹ ń rí mi lára. Bí mo bá yí ọrùn báyìí, á dà bíi pé iná gbé orí mi. Mo wọ kẹ́mísìtì mẹ́rin l'Ágége àti Ìkẹjà. Àwọn kan ní àfi kí n mú ìwé dókítà wá, àwọn kan ní ọjà yẹn kì í wọlé mọ́ látìgbà tí náírà ti wó. Ọ̀kan fẹ́ ta oògùn ẹ̀fọ́rí fún mi, ó ní iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ gíláàsì rẹ̀.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ mẹ́ta péré là ń ṣe lọ́sẹ̀ báyìí, torí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe bísíkíìtì ti di góòlù. Wọ́n sì ń dá èèyàn dúró. Lọ́jọ́ kan, odindi páànù bísíkíìtì bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fò ṣánlẹ̀. Obìnrin tó ń bójú tó wa fà mí sẹ́yìn, ó rọra ń gbóòórùn ẹnu mi.

"Sister, ṣé ẹ ti ń mu nǹkan ni? Abeg, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gá rí yín báyìí o. They are looking for who to sack."

Èmi tí mi ò mu ju omi lọ. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé oògùn bàbá mi tó ti kú ló tán lára mi?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé mo ti lo ọjọ́ mẹ́ta láìjẹun àti pé kò tiẹ̀ jọ mí lójú mọ́. Àìjọlójú yẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo padà lọ bá dókítà, mo sì sọ òótọ́ fún un. Mo ní ẹ ti kú. Mo ní èmi ni mo ni àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin kàn yá mi lórúkọ ni.

Kò gbà mí gbọ́. Ó ní àwọn èèyàn ń fi káàdì òkú gba oògùn lọ tà. Ó ránṣẹ́ mú fáìlì yín wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó sì ń bi mí léèrè bí òótọ́ ni. Pé mò ń jí ní aago mẹ́ta tí oorun kì í padà? Òótọ́ ni. Pé mò ń sunkún lórí ohun tí kò tó nǹkan? Òótọ́ ni. Pé mi ò lè gbọ́ orin tí màmá mi fẹ́ràn? Òótọ́ ni. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń rọ̀.

Ó ṣí ewé kan láàárín fáìlì. Ó ní níbí, Bàbá sọ pé látìgbà tí ìyàwó àwọn ti kú, àwọn ò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, orí àga làwọn ń sùn.

Mo ní èmi kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ àga náà, Bàbá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi rí yín lórí rẹ̀. Mo rò pé olè lẹ̀ ń ṣọ́.

Ó tún ṣí ewé mìíràn. Ó ní Bàbá sọ pé lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣíwọ́ iṣẹ́, àwọn lọ dúró sí ojú irin l'Ágége, àwọn ń retí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn rántí pé ọmọ àwọn nìkan ló wà nílé, ni àwọn bá yí padà.

"Ṣé ẹ̀yin náà nìyẹn?"

Mo ní rárá. Ó pa fáìlì dé.

Oògùn ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ fún yín, Bàbá. Àràárọ̀ ni mò ń gbé e mì níwájú yín, ẹ ó sì ní kí n la ẹnu kí ẹ rí i. Kí ni ẹ̀yin ń lò? Ta ló ń wo ẹnu yín? Ǹjẹ́ ẹ tiẹ̀ gbé ọ̀kan péré mì rí? À bá pín in sí méjì. À bá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn, kí gbogbo Èkó rí wa, kí ọkọ kankan má sì wá. Inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí màá bínú sí mọ́, torí ẹni tó ṣẹ̀ mí náà ló gbà mí là.

Wọ́n ti ya káàdì tèmi. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni oògùn tí wọ́n rí fún mi, wọ́n ní kò tíì dájú bóyá òmíràn máa wọlé, nítorí náà, màá tún padà lọ dúró lórí ìlà. Nígbà tí dókítà ń kọ̀wé, ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ti ní irú àìsàn yìí rí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí ẹ wà, ẹ jọ̀ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín kan ṣoṣo, tí ẹ tìtorí rẹ̀ padà wálé.