Kò Sí Ilé Tó Ṣẹ́kù: Ìgbésí Ayé Màmá Èsítérì Ọmọ́ṣaléwá Abíọ́nà (1961–2025)

Ìlá-Ọ̀ràngún ni a bí Màmá Èsítérì Ọmọ́ṣaléwá Abíọ́nà sí ní ọdún 1961, sínú ìdílé Pa Josiah Oyèéwùmí, àgbẹ̀, àti Màmá Rúùtù, oníṣòwò obì. Màmá Èsítérì ka ìwé mẹ́wàá níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ Alàgbà Jeremáyà Abíọ́nà, ọlọ́pàá, ní ọdún 1984.

Ní ọdún 1999, ìjọba gbé Bàbá wá sí Port Harcourt, Màmá sì bá wọn wá. Wọ́n ṣí ìsọ̀ ọ̀dà kékeré kan sí Rumuokwuta. Àwọn tó ra ọ̀dà a máa béèrè ẹni tí yóò bá wọn kùn ún. Bí Màmá ṣe kó àwọn akunlé jọ nìyẹn, tí iṣẹ́ kíkun ilé fi di tiwọn. Pátákó ìpolówó nìkan kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n kun apá kan ògiri ọgbà ilé wa tó kọjú sí títì, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ tòun ti ìdọ̀tí rẹ̀, kí àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ lè fi ojú ara wọn rí ìyàtọ̀. Ó tó ọdún kan tí lánlọ́ọ̀dù fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ parí rẹ̀. Màmá a ní ògiri náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Oníbàárà wá, wàhálà sì bá wọn wá. Gbogbo ìlú ló fẹ́ kun ilé kí Kérésì tó dé, Màmá kò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá. Ẹni tó bá ti wọlé, tó kí wọn dáadáa, ti gba "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2004, wọ́n ṣèlérí fún Olóyè Dagogo ní Elelenwo pé àwọn yóò ti kun ilé rẹ̀ tán kí ó tó sìnkú ìyá rẹ̀. Wọ́n sì ti dá ọ̀sẹ̀ kan náà fún ilé méjì mìíràn. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo. Mẹ́ta ni Màmá ń lé. Òkú wọlé, àkàbà ṣì wà lára ògiri. Màmá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Olóyè kò bú wọn, ó kàn sọ pé, "Madam, if you no fit, talk say you no fit." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn wọ́n ju èébú lọ.

Láti ìgbà náà, wọn kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn kí wọ́n tó mọ akunlé tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹni tí kò ní ìnáwó ní Kérésì, wọ́n á rọ̀ ọ́ kó dúró di Oṣù Kejì, wọ́n á sì dín owó rẹ̀ kù. Iṣẹ́ inú yàrá di ti ìgbà òjò. Àwọn kan bínú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn padà wá, nítorí ọjọ́ tí Màmá bá dá kì í yẹ̀ mọ́. Nínú ìjọ Báptísì, wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ń kun yàrá àwọn opó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, dókítà sọ fún wa pé Màmá kò ní pẹ́ láyé mọ́. A fẹ́ gbé wọn lọ sí Ìlá, wọ́n kọ̀. Àwọn tí wọ́n ti dá Kérésì fún pọ̀, ẹ̀rù sì ń ba Màmá pé àwọn yóò kú pẹ̀lú ìlérí lọ́rùn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Sotonye, akunlé tí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá du oníbàárà, wọ́n sì fa àwọn oníbàárà náà lé e lọ́wọ́. Arábìnrin Ibinabo, oníbàárà kan ní Old GRA, sọ pé Màmá nìkan ni yóò fọwọ́ kan ilé òun. Màmá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Kérésì ku ọ̀la nígbà tí Sotonye wá jókòó létí ibùsùn: "Mummy, we don finish. Nobody remain." Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì béèrè oúnjẹ. Ó ti pẹ́ tí a ti rí wọn kí wọ́n jẹun yó.

Màmá fi ayé sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án Oṣù Kìíní ọdún 2025. Wọ́n fi Bàbá sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú àwa ọmọ wọn, Olúmidé àti Nengi aya rẹ̀, Olúwaṣíjibòmí, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Belema àti Tonye, tí wọ́n fi tipátipá kọ́ ní Yorùbá.

Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, fóònù wọn kò sinmi. Ẹ̀rù ń bà wá láti gbé e, a rò pé ẹnìkan yóò ní òun ṣì ń retí àwọn akunlé. A gbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń bá wa kẹ́dùn ni. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó béèrè iṣẹ́. Ọkàn wa balẹ̀, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Màmá, kò sí ẹni tó ń dúró dè yín mọ́. Ẹ sùn re o.